Ẹ Bi Wá, À Ń Dáhùn: Ilé Ìkàwé Yunifásítì Bí Sẹ̀mẹ́sítà Tuntun Ṣe Ń Wọlé

Àwọn ọmọ ti ń padà sí ọgbà. Láti Àgọ́-Ìwòyè dé Ìjagun, títí dé Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, gbogbo ojú ọ̀nà ló kún fún ọmọ tó ń wá yàrá àti èyí tó ń sáré forúkọ sílẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lóṣù yìí, ọ̀pọ̀ ló dá lórí ilé ìkàwé, a sì ti ṣa díẹ̀ nínú wọn. Òfin ilé ìkàwé kan lè yàtọ̀ sí ti èkejì, nítorí náà ẹ ka èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà tiyín. Ohun tí a kọ síbí ni bó ṣe ń rí nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kó wọ̀ yín létí kí á tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni ilé ìkàwé ń wúlò jù fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n lò. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ráyè, ìwé wà ní àyè rẹ̀, àga sì ṣófo. Tí ìdánwò bá ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó máa ráyè mú ẹnikẹ́ni yíká mọ́.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọdún kìíní ni mo wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo ti san owó ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ní owó láìbírì wà nínú rẹ̀. Ṣé mo tún ní láti lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, àbí káàdì ìdánimọ̀ mi ti tó?

O ní láti lọ, ọmọ wa. Owó tí o san ló fún ọ lẹ́tọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé kò tíì mọ̀ ọ́ rí. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ lè rí àyè jókòó, àmọ́ kò ní lè yá ìwé jáde, kò sì ní rí pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń wọlé sí ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Mú lẹ́tà ìgbaniwọlé rẹ dání, àti rìsíìtì owó ilé ẹ̀kọ́ ti ọdún yìí, fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ ti buwọ́ lù, pẹ̀lú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì. Ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé kọ̀ọ̀kan kí o tó kúrò nílé, torí pé ojúlówó ni wọ́n máa wò, ẹ̀dà ni wọ́n máa gbà. Àárọ̀ ni kí o lọ. Tó bá di ọ̀sán, àwọn tó jáde ní kíláàsì ti tò dé ìta.

Ohun tó sábà ń dá ọmọ tuntun padà ni orúkọ. Tí orúkọ ìdílé bá ṣáájú lórí rìsíìtì, tó wá jẹ́ òun ló kẹ́yìn lórí fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì, tàbí tí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, wọ́n máa ní kí o lọ tún un ṣe ná. Yẹ gbogbo rẹ̀ wò nílé. Èkejì ni nọ́ńbà mátíríìkì. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kì í tètè fún ọmọ ọdún kìíní ní nọ́ńbà yìí, nítorí náà ilé ìkàwé lè fi nọ́ńbà JAMB rẹ ṣe káàdì onígbà díẹ̀ fún ọ. Kò burú, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mátíríìkì bá jáde ni kí o padà lọ kí wọ́n fi rọ́pò ti JAMB. Ẹni tí kò bá padà lọ, tó wá tún orúkọ kọ lọ́dún kejì, orúkọ méjì ló ti ní nínú kọ̀ǹpútà. Ìwé tó bá yá pẹ̀lú ti àkọ́kọ́ máa wà lọ́rùn rẹ̀ títí di ọdún tó fẹ́ jáde, kódà tó bá ti dá a padà lórí èkejì.

Ilé ẹ̀kọ́ tìrẹ ní ọgbà púpọ̀: àwọn oníṣègùn wà ní Ṣágámù, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wà ní Ìbògùn, àwọn elétò ọ̀gbìn wà ní Ayétòrò. Bí o bá ń forúkọ sílẹ̀, bèèrè bóyá káàdì kan náà ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo wọn, àti bóyá wọ́n lè bá ọ mú ìwé wá láti ọgbà mìíràn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń parí ọdún mẹ́rin láìmọ̀ pé èèyàn lè béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Kí o tó kúrò níbẹ̀, béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa mú àwọn ọmọ tuntun yíká, má sì jẹ́ kó fò ọ́. Ọdọọdún ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń sọ káàdì dọ̀tun. Rìsíìtì tuntun ni wọ́n máa béèrè.

Kọ̀ǹpútà láìbírì sọ pé ìwé tí mò ń wá wà nílẹ̀. Mo dé ibi pẹpẹ, mo wá a títí, mi ò rí i. Ó ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí ló fà á? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìjagun, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìwé náà wà níbẹ̀, ọ̀nà tí a gbà ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò tọ́. Jẹ́ ká fara balẹ̀ síbí díẹ̀, torí pé ẹni tó bá mọ nọ́ńbà yìí kà, kò sí ilé ìkàwé tó máa dé tó máa ṣe àjèjì sí i.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ tí wọ́n fi ń to ìwé. Àkọ́kọ́ ni ti Dewey, tó ń fi nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ láti 000 dé 999: ẹ̀kọ́ àti ìkọ́ni wà ní 370, ìṣirò wà ní 510. Èkejì ni ti Library of Congress, tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà ń lò, lẹ́tà ló fi ń bẹ̀rẹ̀. L ni ẹ̀kọ́ àti ìkọ́ni, Q ni sáyẹ́ǹsì, R ni ìṣègùn, K ni òfin, S ni iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìwé lórí èdè Yorùbá wà lábẹ́ PL, ìtàn Nàìjíríà wà ní DT515.

Ká ní ohun tí o kọ sílẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà ni LB1051 .A35 2015. Lẹ́yìn ìwé, wọ́n máa gé e sí ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó lè gbà lórí bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́tà ni kí o kọ́kọ́ wá: LB wà lẹ́yìn LA, ó sì ṣáájú LC. Lẹ́yìn náà, ka 1051 bí ẹni ń ka owó: ẹgbẹ̀rún kan àti mọ́kànléláàádọ́ta. Nítorí náà LB875 ṣáájú LB1025, LB1025 sì ṣáájú LB1051. Ẹni tó bá rò pé 1 ṣáájú 8, kó wá LB1051 ṣáájú LB875, ibi tí kò sí ló ń wá a.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà gan-an ni .A35. Àmì tó wà níwájú A yẹn kò wà lásán. Ó ń sọ pé kí a ka nọ́ńbà tó tẹ̀ lé lẹ́tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti apá òsì, kí a má ṣe kà á ní odindi. Fi 3 wé 4: 3 ló kéré, torí náà .A35 wà ṣáájú .A4. Bí .A357 bá wà, àárín .A35 àti .A4 ló máa wà. Ọmọ tó bá kà á ní márùndínlógójì àti mẹ́rin máa lọ wá .A35 lẹ́yìn .A4. Kò ní rí i, á wá ní wọ́n ti jí ìwé gbé. Ọdún tó kẹ́yìn ló ń ya ìtẹ̀jáde tuntun sọ́tọ̀ kúrò lára ti àtijọ́, ti àtijọ́ ló sì ń ṣáájú.

Ọ̀nà tí a ń gbà tẹ̀ lé pẹpẹ náà ṣe pàtàkì. Láti òsì sí ọ̀tún ni, láti òkè sí ìsàlẹ̀, kí o wo apá pẹpẹ kan tán pátápátá kí o tó bọ́ sí èyí tó kàn. Má ṣe tẹ̀ lé ìlà òkè láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà dé òpin.

Tí o bá ti kà á bó ṣe yẹ tí o kò sì rí i, tún padà wo kọ̀ǹpútà. Bí REF tàbí RES bá wà níwájú nọ́ńbà, kò sí ní pẹpẹ gbogbogbòò: REF jẹ́ ìwé tí a kì í gbé jáde, RES wà lẹ́yìn káńtà. Bí kò bá ní èyíkéyìí nínú méjèèjì, wo ìwé mẹ́wàá sí òsì, mẹ́wàá sí ọ̀tún, kí o wo ìlà òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí o sì wo ẹ̀yìn àwọn ìwé tó wà níwájú. Ìwé máa ń yọ́ ṣubú sẹ́yìn. Wo orí tábìlì àti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó ìwé padà. Lẹ́yìn èyí, mú nọ́ńbà náà lọ bá òṣìṣẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ohun tí à ń wá. Má kàn yí padà lọ ilé. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ, kọ̀ǹpútà á máa sọ pé ó wà nílẹ̀ títí ayé.

Ó ku ohun kan tó ń dùn wá. Ìwé tí o bá ti kà tán, fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Má dá a padà sí pẹpẹ fúnra rẹ. Bí o bá tì í sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sọ nù nìyẹn títí di ọjọ́ tí wọ́n bá máa ka gbogbo ìwé. Àwọn òṣìṣẹ́ tún máa ń ṣírò èyí tó wà lórí tábìlì láti mọ ìwé tí ẹ̀ ń lò, òun ni wọ́n sì fi ń pinnu èyí tí wọ́n máa rà kún un. Àwọn tó mọ̀ọ́mọ̀ ń gbé ìwé òfin pamọ́ sáàárín ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀, kí ó lè jẹ́ tiwọn nìkan títí ìdánwò fi parí, ìwà ìkà gidi ni wọ́n ń hù sí ẹgbẹ́ wọn.

Ìwé kan ṣoṣo ni olùkọ́ wa ní kí a kà. Ẹ̀dà méjì ló wà, àwa sì pọ̀ ju igba lọ. Báwo la ṣe fẹ́ ṣe é?

Kí aṣojú kíláàsì yín lọ bá olùkọ́ náà lọ́sẹ̀ yìí, kó bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ lẹ́tà sí ilé ìkàwé kí wọ́n gbé ìwé náà lọ sí rìsáàfù. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ẹnikẹ́ni kò ní lè gbé e lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì mọ́. Wákàtí méjì ni wọ́n sábà ń fún èèyàn, nínú ilé ìkàwé níbẹ̀. Tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n tilẹ̀kùn lálẹ́, wọ́n lè jẹ́ kí ẹnì kan gbé e lọ sùn, tó máa dá a padà bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Owó ìtanràn rìsáàfù kì í ṣe ti ojoojúmọ́ bíi ti ìwé yòókù, wákàtí wákàtí ni wọ́n fi ń kà á, torí náà ó tètè ń ga. Ẹni tó bá gbé e sùn, kó má ṣe sùn kọjá àárọ̀.

Ẹ ṣètò àkókò láàárín ara yín. Ẹni márùn-ún tó jókòó yí ìwé kan ká fún wákàtí méjì, tí ẹnì kan ń kà sókè, tí àwọn tó kù ń kọ kókó rẹ̀ sílẹ̀, ń jèrè ju ẹni tó dá gbé e lọ.

Ní ti fọ́tòkọ́pì: òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022 fàyè gba kí èèyàn ṣe ẹ̀dà díẹ̀ nínú ìwé fún ẹ̀kọ́ ara rẹ̀. Orí kan tí ẹ fẹ́ kà fún ọ̀sẹ̀ yìí kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú. Odindi ìwé ni kí ẹ má ṣe, ẹ má sì tà á fún ara yín. Kí ẹ sì ṣọ́ra tí ẹ bá ń tẹ ìwé mọ́ orí ẹ̀rọ. Ẹ̀yìn ìwé tó bá lẹ̀ dán-in-dán-in, tí a bá fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ńṣe ló ń ya.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ọmọ mi wà ní yunifásítì, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń béèrè owó dátà. Ó ní kò sí ẹni tó ń lọ láìbírì mọ́, pé orí fóònù ni gbogbo ìwé wà. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá ọlọ́mọ, Ìjẹ̀bú-Igbó)

Màmá, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ìwé pọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ilé ìkàwé ló ní kọ́kọ́rọ́ sí èyí tó dára jù nínú wọn, kò sì yẹ kí owó yín máa lọ lé e lórí báyìí.

Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé yunifásítì ló ní Wi-Fi àti yàrá kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọ. Kí ọmọ yín lọ sí yàrá náà pẹ̀lú nọ́ńbà mátíríìkì rẹ̀, kí wọ́n fi orúkọ fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní pásíwọ́ọ̀dù tí kò wọlé, ohun mẹ́ta ló sábà ń fà á: ẹ̀ka ọ̀rọ̀ owó kò tíì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ pé ó ti sanwó, tàbí ó ti fi fóònù tó ju iye tí wọ́n gbà lọ wọlé, tàbí ọ̀sán gangan ni, tí gbogbo ọgbà ń lò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀ ló máa ń yá jù.

Kí ó gba àwọn ìwé tó fẹ́ kà sílẹ̀ níbẹ̀, kó máa kà wọ́n nílé láìtan dátà. Àpilẹ̀kọ ìwádìí kan kì í sábà ju MB kan sí mẹ́ta lọ. Fídíò tó ń wò fún wákàtí kan ló ń jẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ẹ lè bi í léèrè, pẹ̀lú ìfẹ́, èwo nínú méjèèjì ni dátà yín ń bá lọ.

Ìwé ọ̀fẹ́ tó ṣeé gbọ́kàn lé wà. African Journals Online, tí wọ́n ń pè ní AJOL, ti wà láti ọdún 1998, ó sì kún fún iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. DOAJ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003, jọ́nà tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn nìkan ló ń kó jọ. Hinari wà fún ìṣègùn àti ìlera láti 2002, AGORA wà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ láti 2003. Àwọn méjèèjì wà lábẹ́ ètò Research4Life. Ti Hinari àti AGORA kì í ṣe ohun tí ọmọ kan máa dá lọ forúkọ sí, ilé ìkàwé ló ń ṣe é lórúkọ ilé ẹ̀kọ́. Kí ọmọ yín béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ èwo ni wọ́n ní, àti bó ṣe máa wọlé sí i láti ilé. Google Scholar náà dára. Tí àpilẹ̀kọ kan bá ní kó sanwó, kó tẹ «All versions» lábẹ́ rẹ̀, ó lè rí ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ gbé síta.

Olùkọ́ mi fa ìlà pupa sí ìwé mẹ́ta tí mo tọ́ka sí, ó ní kò sí irú wọn láyé. Orí ẹ̀rọ AI ni mo ti rí wọn. Kí ni kí n ṣe?

Òótọ́ ni olùkọ́ rẹ sọ. Ẹ̀rọ wọ̀nyẹn lè hun orúkọ òǹkọ̀wé gidi, àkọlé tó dún bí òótọ́, àti ọdún, pọ̀ mọ́ra wọn kó sì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ rí. Ìwé kọ̀ọ̀kan tí o bá fẹ́ tọ́ka sí, wá àkọlé rẹ̀ nínú kátálọ́ọ̀gù ilé ìkàwé tàbí Google Scholar. Tó bá ní DOI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ àpilẹ̀kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tẹ̀ ẹ́ sí doi.org, tí kò bá ṣí, tàbí tó gbé ohun mìíràn jáde, yọ ọ́ kúrò. Má tọ́ka sí ohun tí o kò fojú ara rẹ rí.

Mò ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí Erédò Sùngbọ́, yàrà àti ògiri amọ̀ àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àti ogun Ìmàgbọ̀n tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà lọ́dún 1892. Mo tẹ «Ìjẹ̀bú» sínú kọ̀ǹpútà láìbírì, ìwé mẹ́rin péré ló jáde. Ṣé wọn ò kọ̀wé nípa wa ni? (Ẹ̀ka ìtàn, ọdún kẹrin)

Wọ́n kọ ọ́, ó pọ̀. Ọ̀nà tí o gbà tẹ̀ ẹ́ ló sé e mọ́. Ọ̀pọ̀ kátálọ́ọ̀gù ni wọ́n kọ láìfi àmì sí, torí náà ẹ̀rọ kan lè rí «ẹ̀» tìrẹ kó má mọ̀ pé «e» ni. Tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì kankan: Ijebu. Lẹ́yìn náà tẹ Jebu, torí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn míṣọ́nnárì ń kọ ọ́ láyé ogun 1892. D'Avezac, ará Faransé tó kọ̀wé lórí ilẹ̀ wa lọ́dún 1845, láti ẹnu Òṣífẹkúndé, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, Yébou ló kọ. Ẹni tí kò bá tẹ orúkọ yẹn kò ní bá ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rí tó pẹ́ jù lórí wa pàdé. Ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Shagamu àti Sagamu, Ijebu-Ode àti Jebu Ode.

Ní ti Erédò, má dúró lórí orúkọ rẹ̀ nìkan. Àwọn tó ń to kátálọ́ọ̀gù ń fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàpèjúwe ohun tí ìwé dá lé, nítorí náà tẹ earthworks, kí o tẹ fortification, kí o sì fi Nigeria tàbí Yoruba kún un. Bí o bá rí ìwé kan tó bá ọ mu, wo ìsàlẹ̀ àkọsílẹ̀ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà: àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pín in sí ìsọ̀rí wà níbẹ̀. Tẹ ọ̀kan nínú wọn, gbogbo mọ̀lẹ́bí ìwé náà á jáde. Lẹ́yìn èyí, lọ síwájú pẹpẹ DT515, kí o fojú wo gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí o sì ṣí ojú ewé ìtọ́ka tó wà lẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìtàn Yorùbá lápapọ̀ lè ní ojú ewé ogún lórí Ìjẹ̀bú láìjẹ́ pé Ìjẹ̀bú wà nínú àkọlé rẹ̀.

Béèrè fún iṣẹ́ àṣekágbá àwọn tó ti jáde ṣáájú rẹ. A kì í gbé wọn jáde, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kà wọ́n, ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé kò sì fẹ́ kí a ya fọ́tò wọn láìgbàṣẹ. Ìtọ́kasí wọn ni kí o kọ́kọ́ kà, torí pé ó máa fi ibi tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ hàn ọ́. Èyí tó bá ga ju ilé ìkàwé yín lọ, wá a lọ sí ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ìwé ìjọba àmúnisìn nípa ẹkùn wa wà níbẹ̀ lábẹ́ àmì Ije Prof. Gba lẹ́tà ìfinihàn lọ́wọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ tàbí ilé ìkàwé kí o tó lọ. Lẹ́tà yìí lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kó tó jáde, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí o béèrè fún un nísinsìnyí.

Kí ló burú nínú kí èèyàn fi gàárì díẹ̀ sínú ike, kó máa mu ún bó ṣe ń kàwé? Gbogbo ọjọ́ ni wọ́n ń lé wa jáde.

Gàárì Ìjẹ̀bú dùn, kò sẹ́ni tó máa bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n èérún rẹ̀ àti ṣúgà ń pe èèrà, aáyán tẹ̀ lé e, eku wá tẹ̀ lé aáyán. Àwọn méjì tó kẹ́yìn ń jẹ gọ́ọ̀mù àti bébà ẹ̀yìn ìwé. Jáde lọ mu ún, fọ ọwọ́, nu ún gbẹ, kí o padà wá. Omi inú ìgò tó ní ìdérí ni ọ̀pọ̀ ń gbà láàyè.

Òjò pa ìwé láìbírì tó wà nínú báàgì mi. Mo fẹ́ sá a sóòrùn kí wọ́n má baà mọ̀.

Má ṣe bẹ́ẹ̀. Oòrùn máa ká ìwé náà jọ, èèpo rẹ̀ á sì wọ́. Má fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, má sì ya ojú ewé tó ti lẹ̀ mọ́ra. Gbé e nàró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣí i díẹ̀, fi bébà funfun tí kò ní yíǹkì tàbí tíṣù sáàárín ojú ewé ogún ogún, kí o gbé e síbi tí fáànù ti ń fẹ́. Pààrọ̀ bébà náà bí ó bá ti mu omi. Tí iná bá lọ, gbé e síwájú fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, kó má wà nínú oòrùn.

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlélógún sí méjìdínláàádọ́ta, ìwé tútù lè bẹ̀rẹ̀ sí hu funfunfun, èyí sì ń ràn mọ́ ìwé tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ náà gan-an ni kí o sọ fún ilé ìkàwé. Ìwé tó ti gbẹ dáadáa lè má gba ju àtúnṣe díẹ̀ lọ. Èyí tí o bá yọ́ tì sí pẹpẹ lè ba gbogbo ìlà kan jẹ́. Ra ọ̀rá tó nípọn, kí ó máa wà nínú báàgì rẹ títí òjò fi máa lọ.

Ọmọ tuntun ni mo jẹ́ ní Ìlíṣàn. Ṣé láìbírì ń ṣí ní òpin ọ̀sẹ̀?

Ìjọ Adventist ló ni Yunifásítì Babcock tó wà ní Ìlíṣàn, wọ́n sì ń pa Sábáàtì mọ́ láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ní Friday títí tó fi máa wọ̀ ní Saturday. Má retí pé kí wọ́n ṣí láàárín àkókò yẹn. Oòrùn ń wọ̀ lágbègbè wa láti nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje kọjá díẹ̀, bí oṣù bá ṣe rí, ilé ìkàwé á sì ti tilẹ̀kùn ṣáájú. Yá ohun tí o máa lò kí ọ̀sán Friday tó pọ́n. Wo bébà tó wà lẹ́nu ọ̀nà fún wákàtí ti Sunday.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣé ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ lè lo ilé ìkàwé yunifásítì?

Ẹ lè lò ó, ẹ̀gbọ́n, ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yín, tó ń sọ ohun tí ẹ fẹ́ kà àti fún ìgbà wo, kí ẹ darí rẹ̀ sí ọ̀gá ilé ìkàwé náà. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ iṣẹ́ àti fọ́tò kan lọ. Wọ́n lè gba owó díẹ̀. Kíkà níbẹ̀ ni wọ́n máa gbà yín láàyè fún, kì í ṣe yíyá lọ ilé. Ìbẹ̀rẹ̀ sẹ̀mẹ́sítà ló dára jù láti lọ, torí tó bá di àsìkò ìdánwò, wọn kì í fẹ́ gba àlejò.

Ọdún yìí ni mo máa jáde. Mo sọ ìwé láìbírì kan nù ní ọdún kejì. Ṣé kí n dúró di ìgbà kílíáráǹsì?

Má dúró. Kílíáráǹsì ilé ìkàwé wà lára ohun tí wọ́n máa béèrè kí o tó gba ìwé ẹ̀rí, tí o bá sì fi sílẹ̀ di ìgbà náà, ìwọ àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn lẹ máa jọ tò sí ojú káńtà kan, bóyá nígbà tí lẹ́tà àgùnbánirọ̀ ti ń dúró dè ọ́.

Lọ lọ́sẹ̀ yìí. Ní kí wọ́n ṣí orúkọ rẹ nínú kọ̀ǹpútà, kí o sì wo gbogbo ìwé tó wà lórí rẹ̀, torí pé ó lè ju ọ̀kan tí o rántí lọ. Kọ lẹ́tà kékeré pé ìwé náà sọ nù: àkọlé, òǹkọ̀wé, nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, ọjọ́ tí o yá a. Ọjọ́ tí wọ́n bá gba lẹ́tà náà ni ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ń dá ìṣirò owó ìtanràn dúró, nítorí náà ojoojúmọ́ tí o bá fi falẹ̀ ló ń fi kún un.

Lẹ́yìn náà, béèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí o ra ìwé náà padà tàbí kí o san owó rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí o rà á, ìtẹ̀jáde kan náà tàbí èyí tó tuntun jù ú lọ ni. Má ra ayédèrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọn kò ní gbà á. Wò ó bóyá bébà rẹ̀ mọ́lẹ̀, bóyá lẹ́tà rẹ̀ ń fò, bóyá nọ́ńbà ISBN ẹ̀yìn rẹ̀ bá tinú mu. Bí ìwé náà kò bá sí lọ́jà mọ́, sọ fún wọn, wọ́n lè dárúkọ mìíràn tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ nínú kọ́ọ̀sì náà. Owó tí wọ́n ń gbà láti lẹ nọ́ńbà àti láti tún kọ ọ́ sínú kátálọ́ọ̀gù lè wà lórí rẹ̀.

Àkáǹtì ilé ẹ̀kọ́ ni kí o san owó sí. Má fún ẹnikẹ́ni ní owó lọ́wọ́, má sì san án sí àkáǹtì èèyàn kan, bó ti wù kó ṣèlérí tó pé òun á tètè ṣe é. Tí wọ́n bá ti yọ ìwé náà kúrò lórúkọ rẹ, dúró níbẹ̀ kí wọ́n tún orúkọ rẹ ṣí lójú rẹ, kí o rí i pé kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ mọ́. Ya fọ́tò rìsíìtì náà sórí fóònù, fi ránṣẹ́ sí íméèlì ara rẹ, kí o sì fi ojúlówó sínú fáìlì kan náà tí lẹ́tà ìgbaniwọlé rẹ wà.